Kí Ẹ Tó Fi Irin Kún Abẹ́ Bọ́ọ̀sì Yín

Kúlà ọbẹ̀ ńlá méjì ni a gbé sẹ́yìn bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà, ẹ̀gúsí nínú ọ̀kan, ata díndín nínú èkejì. Òde ìsìnkú kan ni a ń bá lọ sí Ẹ̀pẹ́. A ti kúrò ní Sábó Ìkòròdú kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti kọjá Ìmọ̀tà, a ti kọjá oríta Agbówà, afárá Ìtòkín ló kù níwájú. Típà oníyanrìn kan ń bọ̀ ní ọ̀nà kejì, eré tó ń sá kì í ṣe kékeré. Bó ṣe gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá ni atẹ́gùn rẹ̀ ti bọ́ọ̀sì wa sí ọwọ́ ọ̀tún. Dírẹ́bà yí sítíárìn díẹ̀ láti fà á padà. Bọ́ọ̀sì padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó fì sí òsì, ó fì sí ọ̀tún, ó tún fì sí òsì kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Mo gbọ́ tí kúlà ṣubú. Kí n tó yíjú, ẹ̀gúsí ti ṣàn dé abẹ́ àga mi, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti ń pariwo "Jésù!" àti "Láìlá!" lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo bínú sí dírẹ́bà. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, ó sì ti wa danfó láti Ìkòròdú sí Máìlì 12 fún ọdún gbọọrọ kó tó wá bá mi ṣiṣẹ́. Kò gbójú kúrò lọ́nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mọ́tò yìí ló ń wà mí, èmi kọ́ ni mò ń wà á." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé òtítọ́ pọ́ńbélé ló sọ.

Iṣẹ́ alásè ni mo ń ṣe. Ìkòròdú ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n òde tí mò ń lọ jù wà ní apá Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ìlú tó wà láàárín. Alásè tó bá ń gba iṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn kò lè máa háyà mọ́tò lójoojúmọ́. Mo ra bọ́ọ̀sì Volkswagen LT 31 tòkunbọ̀ kan, mo yọ gbogbo àga èrò kúrò nínú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ di ilé. Pẹpẹ onírin gba ẹ̀gbẹ́ kan láti òkè dé ilẹ̀, ìkòkò àti agbada wà níbẹ̀. Fíríísà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Sílíńdà gáàsì kílò 12.5 méjì wà lẹ́yìn àga dírẹ́bà. Ìdí bọ́ọ̀sì gan-an ni mo gbé dúrọ́ọ̀mù omi méjì sí, onílítà 200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè rọrùn fún àwọn ọmọ láti bu omi bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ wà lórí òrùlé. Fóòmù kan wà tí a máa ń tẹ́ sílẹ̀, nítorí òde ìsìnkú, òru ni a fi ń se é. Ẹni tó bá sinmi wákàtí méjì nínú bọ́ọ̀sì yẹn ló máa ń lè ro ọkà láàárọ̀.

Àwọn òyìnbó mọ irú ọkọ̀ yìí dáadáa. Ọdún 1975 ni LT jáde ní Jámánì. Iṣẹ́ ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Westfalia fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan bẹ́ẹ̀dì, ààrò àti àgbá omi sínú rẹ̀, tí wọ́n pe èyí tó gbajúmọ̀ nínú wọn ní Sven Hedin. Àwọn tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì a wọ inú rẹ̀, wọ́n a máa gbé inú rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Volkswagen tí Èkó fi ń ṣe danfó, òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ Yorùbá náà kò sì ṣàì mọ ọkọ̀ tí ń gbé odidi iṣẹ́ kiri. Láti ìgbà tí Hubert Ogunde ti dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ọkọ̀ ni àwọn alárìnjò fi ń kó aṣọ, ìlù àti òṣèré láti ìlú kan bọ́ sí òmíràn.

Ohun kan ló ya irú ọkọ̀ yìí sọ́tọ̀ sí danfó. Danfó a máa já èrò sílẹ̀. Bó bá kún ní Ògòlóńtò, ó lè ṣófo ní Sábó, abẹ́ rẹ̀ a sì mí. Tiwa kì í sọ ẹrù kalẹ̀. Pẹpẹ, fíríísà, gáàsì, omi, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, bí bọ́ọ̀sì dúró, bó rìn. Sípírìn tó ń gbé e kò ní ìsinmi kankan láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí, mo gbé bọ́ọ̀sì lọ bá mẹkáníìkì kan. Ó wo ìdí rẹ̀ tó ti rọ̀, ó ní sípírìn ti rẹ̀, kí a fi kún un. Gbogbo ẹni tó ní mọ́tò ní Ìkòròdú ló mọ ọ̀rọ̀ yìí, "kí a fi kún un." Àwọn típà tó ń kó yanrìn ń fi kún un, àwọn tó ń kó búlọ́ọ̀kù ń fi kún un, ó dà bíi pé kò sí àrùn tí irin kan sí i kò lè wò sàn. Ó wá ewé sípírìn méjì méjì láti ara ọkọ̀ mìíràn, ó tò wọ́n mọ́ tèmi ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Èyí tí kò wọlé dáadáa, ó ní kí wẹ́dà jó o mọ́ ara èkejì. Ìdí bọ́ọ̀sì dìde fúke. Inú mi dùn, mo sanwó, mo dúpẹ́.

Ìrìn àkọ́kọ́ tí a rìn lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé. Bọ́ọ̀sì ti di òkúta. Kòtò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìró rẹ̀ á gba ìbàdí mi gòkè dé eyín. Ní bọ́mpù kan ṣoṣo, ìṣó mẹ́rin tú kúrò lára pẹpẹ. Ẹyin tí mo kó sínú kíréètì, ẹgbẹ̀ta kù díẹ̀, a yọ fífọ́ kúrò nínú rẹ̀ títí ọwọ́ fi rọ̀ wá. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé kò tilẹ̀ ṣíwọ́ fífì. Ó le, ó sì tún ń fì. Àbúrò mi ní sítíárìn ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bíi pé táyà iwájú kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀.

Oníkánọ́pì kan tí a jọ máa ń pàdé lóde ló júwe Alfa fún mi. Iṣẹ́ abẹ́ mọ́tò nìkan ni Alfa ń ṣe, kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá. Mo ti múra pé yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ bọ́ọ̀sì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú rẹ̀, ó rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ gbá dúrọ́ọ̀mù omi pẹ́pẹ́, ó gbójú sókè wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ó wá bi mí pé, "Màmá, kílò mélòó ni gbogbo èyí?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wọ̀n ọ́n wá. Ẹ má tíì ra ohunkóhun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá."

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Odògúnyàn tó ní ìwọ̀n tírélà, wọ́n sì máa ń bá ará ìta wọ̀n ọkọ̀ bó bá san owó díẹ̀. A di bọ́ọ̀sì bí ẹni ń lọ òde gidi, omi kún, gáàsì kún, ìrẹsì wà níbẹ̀, àwa márààrún jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí ẹsẹ̀ iwájú nìkan gun ìwọ̀n, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí gbogbo bọ́ọ̀sì gùn ún. Bí a bá yọ ti iwájú kúrò nínú àpapọ̀, èyí tó kù ni ti ẹ̀yìn. Iwájú jẹ́ kílò 1,180. Ẹ̀yìn jẹ́ 2,410. Àpapọ̀ jẹ́ 3,590.

Alfa gba ìwé náà, ó mú mi lọ sí iwájú bọ́ọ̀sì, ó nawọ́ sí àmì tí mo ti ń wò láti ọjọ́ tí mo ti rà á. LT 31. Ó ní 31 yẹn kì í ṣe oyè. Tọ́ọ̀nù 3.1 ni, ìyẹn kílò 3,100: bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, epo rẹ̀, èrò rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. LT 28 wà, LT 35 wà, LT 45 náà wà. Nọ́ḿbà wọn ni ó ń sọ ohun tí wọ́n lè gbé. Mo ti fi kílò 490 rékọjá ohun tí wọ́n kọ síwájú mọ́tò mi.

Ó tún mú mi lọ sí ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára táyà: 195 R 14 C, lẹ́yìn rẹ̀ 106/104. C yẹn ló fi hàn pé táyà ọkọ̀ ẹrù ni. 106 ni ti táyà tó bá dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó túmọ̀ sí kílò 950. 104, kílò 900, ni ti èyí tí wọ́n bá so méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà bíi ti lọ́rì. Tèmi dá wà. Táyà ẹ̀yìn méjì, 950 lọ́nà méjì, 1,900 ni. Mo sì gbé 2,410 lé wọn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo táyà yẹn, mo ń ronú nípa àwọn ọmọ olọ́mọ tó ń sùn sẹ́yìn nígbà tí a bá ń padà láti òde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí kúrò lọ́kàn mi pátápátá.

Kò sí sípírìn láyé tó lè yí nọ́ḿbà wọ̀nyẹn padà. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀. Bí ẹ bá fi irin kún abẹ́ mọ́tò, ìdí rẹ̀ á dìde, ojú yín á sì rí i bíi pé ó ti lágbára sí i. Ṣùgbọ́n táyà kò mọ̀ pé ẹ fi irin kún un, búréèkì kò mọ̀, bíárìn kò mọ̀. Ẹrù kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé.

Nítorí náà, ẹrù la kọ́kọ́ tú. Dúrọ́ọ̀mù omi kan jáde, kílò 200 lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kànga ẹ̀rọ kò wọ́n ní Ẹ̀pẹ́, kí ni mo ń gbé omi Ìkòròdú lọ síbẹ̀ fún? Àpò ìrẹsì mẹ́ta, 150, mo máa ń fi ránṣẹ́ ṣáájú báyìí, tàbí kí onílé ra tirẹ̀ sílẹ̀. Fíríísà kan sọ̀kalẹ̀, 60. Pẹpẹ onírin, a tú u, káfíńtà fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe òmíràn, a jèrè 70. Odó ńlá àti àwọn irin ìdáná kan tí n kò lò láti ọdún kan, 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 520.

Èyí tó kù, a ṣí i nípò. Alfa gbé pákó kan lé orí òkúta, ó ní kí n tẹ apá kan, apá kejì dìde. Ó ní táyà ẹ̀yìn ni òkúta yìí. Ohun tí ẹ bá gbé sí ìdí bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn táyà, ó ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé iwájú sókè. Iwájú ni sítíárìn wà, òun sì ni àbúrò mi ń sọ pé ó fúyẹ́. Dúrọ́ọ̀mù tó kù wá sí àárín, níwájú táyà ẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti òrùlé sí àpótí kan ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé igbá rí mọ̀ pé ẹrù orí ń mi ọrùn, ẹrù ọwọ́ kì í mi ín. Nígbà tí a padà sí Odògúnyàn, iwájú jẹ́ 1,255, ẹ̀yìn 1,815, àpapọ̀ 3,070. N kò tíì ra nǹkan kan tuntun sí abẹ́ mọ́tò, àbúrò mi sì ti ní òun ń gbádùn sítíárìn.

Nígbà yìí ni Alfa tó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì, ariwo tó sì kọ́kọ́ pa ni ti ojú wẹ́dà. Ó pè mí kí n wá wò ó. Ibi tí wọ́n ti fi iná jó sípírìn, ilà tín-ín-rín kan ti là níbẹ̀. Irin sípírìn kì í ṣe irin lásán. Wọ́n ti fi iná àti òróró se é ní ilé-iṣẹ́ kí ó lè máa tẹ̀, kí ó sì máa padà. Bí wẹ́dà bá fi iná kàn án, ibẹ̀ á pàdánù ìwà yẹn, á di gbígbẹ, á sì kán lọ́jọ́ kan nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Bó bá kán lórí eré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápapọ̀ lè yí síbi tí kò yẹ. Alfa kò bá ẹni tó ṣe é jà, kò tilẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Ó kàn sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì kò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun pẹ̀lú irin yẹn.

A lọ sí Owódé Onírin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ ńlá. Alfa yan ewé sípírìn ẹ̀yìn tó pé, tó bá LT 31 mu, apá méjèèjì dọ́gba. Ó to wọ́n sílẹ̀, ó fi ojú wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ sí. Ó ra yúbọ́òtù tuntun pẹ̀lú rẹ̀, nítorí yúbọ́òtù tí a bá ti fún pinpin lẹ́ẹ̀kan ti nà, kò yẹ kí a tún un lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ní kí n mú mọ́tò padà wá kí òun tún wọn fún, nítorí sípírìn tuntun máa ń jókòó dáadáa lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Iwájú LT mi kò lo ewé. Sípírìn tó ká bí ejò ló wà níbẹ̀. Ó wò wọ́n, ó ní ara wọn ṣì le, a kò fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé sípírìn ló ń jẹ́ kí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́. Kì í ṣe òun. Iṣẹ́ sípírìn ni kí ó gbé ẹrù, kí ó tẹ̀ bí táyà bá bọ́ sí kòtò, kí ó sì dìde padà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lóun nìkan, bó ti dìde ni yóò tún tẹ̀, yóò tún dìde, bí ọmọdé lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún un pé ó tó. Òróró wà nínú ṣọ́ọ̀kì, irin kan tó ní ihò wínníwínní sì wà nínú òróró náà. Bí táyà bá gòkè, irin yìí gbọ́dọ̀ fi tipátipá gba inú òróró kọjá, agbára tí ìbá máa mi bọ́ọ̀sì á sì di ooru. Alfa kọ́ mi ní ohun kan tí mo ṣì ń ṣe títí di òní: bí a bá dé láti ojú ọ̀nà tó ní kòtò, mo máa ń fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbóná díẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Èyí tó tutù nini nígbà tí àwọn yòókù gbóná, ó ti kú. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ tẹ igun mọ́tò mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá dìde tó sì dúró, ó dára. Bó bá ń jó, ẹ mọ èsì.

Ìdí nìyí tí bọ́ọ̀sì mi fi le tó tún ń fì. Ewé tí wọ́n fi kún un sọ sípírìn di líle, ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ tí òróró rẹ̀ ti jò tán kò sì lágbára láti dá sípírìn líle bẹ́ẹ̀ dúró. Àwọn onímọ̀ sọ pé ara ènìyàn máa ń gba kí ọkọ̀ lọ sókè-sódò bíi ìgbà 60 sí 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí kò jìnnà sí bí ara wa ṣe máa ń lọ sókè-sódò bí a bá ń rìn. Bó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbàdí á máa ké. Bó bá falẹ̀ jù, èébì ni. A ra ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a ra tòkunbọ̀ nítorí owó, Alfa sì kọ̀. Ó ní táyà tòkunbọ̀, ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ àti búṣìn tòkunbọ̀, rọ́bà àti òróró ni gbogbo wọn, ọjọ́ orí sì ni ó ń pa rọ́bà àti òróró, kódà bí mọ́tò bá dúró sójú kan.

Nípa búṣìn, inú mi ṣì ń bà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Irin kan wà lábẹ́ iwájú bọ́ọ̀sì, tó gba ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, sitẹbiláísà ni wọ́n ń pè é. Bí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ fì sí ọ̀tún, irin yìí á lọ́, á sì fa òsì mọ́lẹ̀, kí méjèèjì lè jọ gbé ìwúwo náà. Rọ́bà kékeré tí à ń pè ní búṣìn ló dì í mú mọ́ ara mọ́tò. Rọ́bà tèmi ti jẹ tán, irin náà kàn ń lù káńkán nínú ihò òfìfo. Kí irin yẹn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bọ́ọ̀sì á ti fì dé ibi tí yóò fì dé. Gbogbo rọ́bà tí a pààrọ̀ lábẹ́ mọ́tò, títí kan ti ojú sípírìn, owó wọn kò tó ti àpò ìrẹsì kan. Nínú gbogbo ohun tí mo rà, òun ni mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mo bi Alfa léèrè nípa báàgì afẹ́fẹ́, irú èyí tó wà lábẹ́ àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó ní mọ́tò onílé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń fi í sáàárín sípírìn àti ara mọ́tò, ilé-iṣẹ́ bíi Firestone sì ń ṣe é. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bí ẹrù bá pọ̀, wọ́n á sì dín in kù bó bá fúyẹ́. Ohun tó dára ni, pàápàá fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń yí padà, tàbí tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀. Ṣùgbọ́n Alfa ní kì í ṣe ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀. Báàgì kò lè wo ṣọ́ọ̀kì tó ti kú sàn, kò sì lè sọ 3,100 di 3,600. N kò rà á. Bí iṣẹ́ bá fẹ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú, LT 35 ni n ó wá, kì í ṣe báàgì.

Ó kù táyà. Fọkanáísà tí mò ń lò máa ń fi ojú wo táyà, á ta á nípàá, á ní "Màmá, ó ti le." Mo ra géèjì tèmi. Lórí ìwọ̀n ẹrù tí mò ń gbé báyìí, Alfa ní kí iwájú wà ní PSI 45, kí ẹ̀yìn wà ní PSI 60, kí a sì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Àwọn táyà ẹ̀yìn tó ti jìyà lábẹ́ 2,410, a kó wọn dànù. Nígbà tí a ń ra tuntun, mo wo nọ́ḿbà mẹ́rin tó wà lára wọn: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà tí wọ́n kọ 2319 sí lára, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kí ó máa dán tó lójú ṣọ́ọ̀bù. Aláyíńmẹ́ǹtì la lọ kẹ́yìn, a sì gbé ẹrù òde sínú bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, nítorí bí bọ́ọ̀sì ṣe máa ń dúró lójú ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Òde tó tẹ̀ lé e ni ti Káyókáyó, ọdún tí àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851. Oúnjẹ pọ̀ lọ́jọ́ náà. A gba ọ̀nà kan náà, ní wákàtí kan náà. Láàárín Ìmọ̀tà, àwọn tírélà tó ń lọ sí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ṣí ní 2023 ti to ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí a dé ẹ̀bá afárá Ìtòkín, típà kan tún yọ. Mo di kúlà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bọ́ọ̀sì tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, ó padà, ó dúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárìn, ó fi nu ojú. A kì í kọjá 70 lójú ọ̀nà yẹn mọ́, ẹyin tó fọ́ lọ́jọ́ náà kò sì ju méjì lọ.

Ẹ̀yin alásè ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin oníkánọ́pì, ẹ̀yin tí ẹ ń fi bọ́ọ̀sì kó ẹgbẹ́ akọrin àti ẹ̀rọ ohùn kiri, mo bẹ̀ yín, ẹ wọ̀n ọkọ̀ yín bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ kọ nọ́ḿbà náà sílẹ̀, ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lára mọ́tò àti lára táyà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀. Bí ojú wẹ́dà bá wà lára sípírìn yín, ẹ má ṣe gbé ọmọ ẹnikẹ́ni sínú bọ́ọ̀sì yẹn títí ẹ ó fi yọ ọ́ kúrò.